Ẹ parí yàrá mẹ́rin ná: ilé rẹ́ǹtì ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún olówó-oṣù

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní olùkọ́ ni yín ní Ọ̀yọ́, ẹ ti ra púlọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, lápá Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín sì ṣetán láti yá yín lówó. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ dá ìpìlẹ̀ self-contain méje fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má dá a. Ẹ kọ́ mẹ́rin, kí ẹ parí rẹ̀ pátápátá, kí ayálégbé wọ ibẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀ tó kù. Ìpìlẹ̀ ńlá ló ń dá olówó-oṣù dúró jù. Owó á tán lórí líńtẹ̀, ìyẹn kóńkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òjò ọdún méjì á máa rọ̀ sórí ògiri tí kò lórùlé, irin tó yọ síta á dípẹtà, wọ́n á sì ṣì máa yọ gbèsè nínú owó oṣù yín lórí ilé tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn gba ìrònú. Oṣooṣù ni alájẹṣẹ́kù ń yọ tiwọn, kí owó tó dé ọwọ́ yín rárá. Owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọlé lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, iye tí wọ́n máa yọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí owó oṣù yín nìkan lè gbé, kí ẹ sì ṣì rí oúnjẹ jẹ, kódà bí ilé náà bá ṣófo fún ọdún kan gbáko. Kì í ṣe àsọdùn. Láàárín 2016 sí 2017, ọ̀pọ̀ oṣù ni LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fi wà ní títì, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ni ín ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ owó. Láti 2020 ni Ọ̀yọ́ nìkan ti ni ín, èyí dára, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ṣì wà láyé. Ìdí nìyẹn tí n ò fi fara mọ́ méje fún akẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́rin fún wọn tó. Ilẹ̀ ẹ̀yìn tó kù, ẹ fi kọ́ yàrá-àti-pálọ̀ méjì fún òṣìṣẹ́: nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá méjèèjì tó wà nílùú, ti LAUTECH àti ti Bowen, ń wá ilé nígbàkigbà, ìyanṣẹ́lódì olùkọ́ yunifásítì kò sì kàn wọ́n.

Kí búlọ́ọ̀kù tó balẹ̀, ẹ tún ìwé ilẹ̀ yẹn yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, rìsíìtì tí ọmọ ẹbí kan fọwọ́ sí kò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfin kò ka títà náà sí rárá; bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kó fọwọ́ sí i, lójú lọ́yà. Lẹ́yìn náà, kí sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ sì mú nọ́ńbà òpó sọ́fè lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi, Ìbàdàn, kí wọ́n wò ó nínú àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba apá ibẹ̀. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọgbà yunifásítì tàbí títì ńlá ló yẹ kí ẹ fura sí jù. Ẹ gba àṣẹ lórí pílánù ilé náà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ nìyí: self-contain kọ̀ọ̀kan, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ilé ìdáná 6 sí 6 àti ilé ìwẹ̀ 6 sí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́rin lọ́wọ̀ọ́wọ́ á gbà tó 52 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn àti 20 ní fífẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tó gùn, torí kò lè wọ ibú 50. Yàrá-àti-pálọ̀ méjì á dábùú ẹ̀yìn lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì ṣì rí àyè mí. Láti mọ iye búlọ́ọ̀kù, ẹ ro gígùn gbogbo ògiri pọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1.5 tó jẹ́ gígùn búlọ́ọ̀kù kan pín in: iye tí ìpele kan máa gbà nìyẹn. Fún mẹ́rin yìí, ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ògiri, ẹ fojú sí bíi 2,400. Ẹni tó bá ní òun ń yọ búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tó ju 40 lọ nínú àpò símẹ́ǹtì kan, ẹ má rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti ìbàdí. Èyí tó bá fọ́ yángá kò lè gbé òrùlé.

Omi ló ń lé ayálégbé kúrò nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju owó lọ. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, omi kò sì pọ̀ káàkiri. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ gbẹ́ kànga, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Kànga tí wọ́n gbẹ́ lóṣù kẹsàn-án máa ń dé omi kíá, bó bá di oṣù kẹta, á ku ẹrẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́hòlù lẹ fẹ́, kí onímọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó lu ú. Ẹ fi kànga sí iwájú, sọ́kàwéè sí ẹ̀yìn, kó má dín ní 50 ẹsẹ̀ bàtà láàárín wọn. Páìpù ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 4, kó sì máa rẹlẹ̀ ní ínṣì 3 nínú ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́jú jù, ìgbẹ́ á dúró sínú rẹ̀. Ẹ ṣe ihò àyẹ̀wò tó ní ìdérí sí gbogbo ibi tí páìpù bá ti yà, torí pádì àti náílọ̀n yóò dí i lọ́jọ́ kan.

Ẹ ò lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kó ṣojú yín, lọ́jọ́ Sátidé: ìjìnlẹ̀ ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kóńkéré sí i, irin líńtẹ̀ kí wọ́n tó dà á, àti ìdérí sọ́kàwéè. Kóńkéré náà, símẹ́ǹtì ìdá kan, yanrìn méjì, òkúta gíráńáìtì mẹ́rin. Àwọn yòókù, kí bíríkìlà máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ má fi gbogbo símẹ́ǹtì pamọ́ síbẹ̀. Iye tí wọ́n máa lò lọ́sẹ̀ kan ni kí ẹ máa kó sílẹ̀.

Ẹ ṣe é kí ilé parí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó padà wọlé fún sáà tuntun. Ilé tó bá parí lẹ́yìn oṣù méjì tí wọ́n ti wọlé, gbogbo wọn ti sanwó síbòmíràn, á sì ṣòro kó rí ẹni gbà á títí di sáà mìíràn. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, kí pọ́ǹpù omi wà lórí mítà onílé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjà ni.

Ìwé àdéhùn, ọwọ́ lọ́yà ni kó ti wá. Bí kò bá sọ nǹkan kan nípa ìgbà ìfitónilétí pé kí ayálégbé kó jáde, oṣù mẹ́fà ni òfin ní kí ẹ fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún, kí ẹ tó fún un ní ìwé ọjọ́ méje tó sọ pé ẹ fẹ́ gba ilé yín padà, kí ẹ tó lọ sí kọ́ọ̀tù. Nítorí náà, kí wọ́n kọ oṣù kan tàbí méjì sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Yíyọ páànù tàbí títi ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta kò bófin mu, ẹ̀yin ni wọ́n á sì dá lẹ́bi.