Èsì: Ṣé eré ìdárayá lè ṣiṣẹ́ lórí jíìnì inú ọ̀rá?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní bàbá àti ìyá yín ló sanra, pé bóyá wàhálà lásán ni eré ìdárayá, torí "ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀." Kì í ṣe lásán rárá! Jíìnì tí wọ́n bí yín mọ́, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú ara tí a jogún lára òbí, ò ní yí padà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lè yí padà. Àwọn èròjà tín-ín-tín kan tí wọ́n ń pè ní methyl máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn ohun tí jíìnì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tó ń pinnu bóyá jíìnì á ṣiṣẹ́ tàbí á dákẹ́.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lund ní Sweden gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin tó sanra díẹ̀ tí wọn kì í ṣeré ìdárayá. Wọ́n bu ọ̀rá díẹ̀ lára wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ ojú kan, kí wọ́n sì máa ṣe aerobics. Lẹ́yìn oṣù 6, wọ́n tún bù ú. Methyl ti yí ipò padà lórí jíìnì tó lé ní 7,000, títí kan àwọn tó jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà máa wá ṣeré, àmọ́ tí a bá pín in dọ́gba, kò tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí wọ́n wá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Kódà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa ṣe é.