Ibi tí “wọ́n ní” máa wà nínú àtẹ dátà ìròyìn ọ̀ràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti ń gbé ìròyìn ìwà ọ̀daràn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A wá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá wa ka iye ìdigunjalè tó wáyé lóṣù kan, kí ó sì fi ibi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀ hàn lórí máàpù. Mo ṣí fáìlì Excel, mo là á sí òpó márùn-ún: ọjọ́, ibi, irú ọ̀ràn, orúkọ ọ̀daràn, líǹkì. Ìlà kan fún ìròyìn kan. Nígbà tí mo fi máa kọ ọgọ́rùn-ún ìlà, ó ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Ibi méjì ni, èkejì ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ ká mú “ìlà kan fún ìròyìn kan” ná. Ká ní adigunjalè ya wọ ṣọ́ọ̀bù kan lóru ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣe ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ léṣe. Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá mú ọkùnrin mẹ́ta, ẹ tún gbé e jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n dé kóòtù, ìròyìn kẹta nìyẹn. Bí àtẹ yín ṣe wà yìí, ìdigunjalè mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìròyìn kan ṣoṣo máa ń sọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ya àtẹ mẹ́ta sọ́tọ̀: ti ìròyìn, ti ìṣẹ̀lẹ̀, ti ẹ̀sùn. Kí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò ní yí padà, kí ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa tọ́ka sí nọ́ńbà yẹn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan sì lè ru ju ọ̀ràn kan lọ. Olè jíjà wà nínú èyí tí mo sọ, ṣíṣe ènìyàn léṣe náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú ètò tí FBI (àjọ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọn) fi ń ka ọ̀ràn tẹ́lẹ̀, bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè bá pàdé nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìpànìyàn nìkan ni wọ́n ń kà. Ìdigunjalè yẹn pòórá nínú ìṣirò. Ètò NIBRS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021 gba tó ọ̀ràn mẹ́wàá nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tiyín bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kúrò.

Ní ti irú ọ̀ràn, ẹ lo kóòdù. Akọ̀ròyìn kan á kọ “wọ́n jà á lólè”, òmíràn á kọ “wọ́n fọ́lé”, ohun kan náà ni wọ́n sì lè máa sọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ICCS, ìlànà tí wọ́n fi ń pín ọ̀ràn sí ìsọ̀rí, jáde ní 2015, ó ní ìsọ̀rí ńlá 11: 0401 ni fífi ipá jalè, 0501 ni fífọ́lé, 0502 ni olè jíjà lásán. Ẹ fi kóòdù náà sí òpó kan, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn gan-an bí wọ́n ṣe kà á ní kóòtù sí òmíràn, torí òfin orílẹ̀-èdè kò rí bákan náà.

Ó wá ku òpó “orúkọ ọ̀daràn”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ lónìí. Nínú ìròyìn, a máa ń kọ “wọ́n ní”, “a gbọ́ pé”, “ẹni tí ọlọ́pàá fura sí”. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn ló gbé òtítọ́ ìròyìn náà dúró. Tí a bá kó o sínú àtẹ, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ já bọ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ “wọ́n ní”. Ohun tó bá rí lábẹ́ “ọ̀daràn”, ọ̀daràn ni yóò máa pè é níbi gbogbo tó bá gbé e dé, kódà lẹ́yìn tí kóòtù bá ti ní ẹni náà kò jẹ̀bi. Mo ti rí àtẹ tó rí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó rántí padà lọ tún un ṣe.

Nínú àtẹ ẹ̀sùn, ẹ fún “wọ́n ní” ní òpó tirẹ̀. Ipò tí ẹni náà wà: afurasí ni, wọ́n ti mú un, wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án, ó ń jẹ́jọ́, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi, ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ta ló sọ ọ́, ọjọ́ wo ló sọ ọ́. Bí ipò bá yí padà, ẹ kọ ìlà tuntun, ẹ má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Orúkọ gan-an, ẹ fi sí fáìlì mìíràn tí ènìyàn díẹ̀ lè ṣí. Nọ́ńbà ni kí ó wà nínú èyí tí ẹ máa fi síta. Ní Yúróòpù, òfin GDPR, tó ń dáàbò bo dátà ènìyàn, ya abala 10 sọ́tọ̀ fún dátà nípa ọ̀ràn àti ìdálẹ́bi.

Ọjọ́ rọrùn. Ẹ lo ISO 8601, ìlànà àgbáyé tó ń kọ ọdún, oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, bíi 2024-03-09, torí 03/09 jẹ́ oṣù kẹta fún àwọn kan, oṣù kẹsàn-án fún àwọn mìíràn. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má sì kọ 0 sí iye ẹni tó kú nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀; ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Máàpù gba sùúrù. Bí ọlọ́pàá bá dárúkọ àdúgbò nìkan, àmì tí ẹ bá fi sí àárín àdúgbò náà yóò bọ́ sórí ilé ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ kọ bí ibi náà ṣe dájú tó sínú òpó kan: ilé, òpópónà, àbí àdúgbò. Dátà tí ọlọ́pàá England àti Wales ń fi síta kì í fi ojú ibi gan-an hàn. Ojú àmì kan nítòsí ni wọ́n ń sún un sí. Bí ẹ bá ń lo GeoJSON, irú fáìlì kan tí wọ́n fi ń kọ ojú ibi fún máàpù, longitude (nọ́ńbà ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) ló ń ṣíwájú latitude (nọ́ńbà àríwá sí gúúsù).

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ mú ogún ìròyìn àtijọ́. Kí ẹ̀yin àti ẹnì kan mìíràn kọ wọ́n sínú àtẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo ti ara yín, kí ẹ wá fi wọ́n wéra. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti yàtọ̀, ẹ kọ òfin kan sílẹ̀ fún un kí ẹ tó kọ ìròyìn kọkànlélógún.