Ìbéèrè Òǹkàwé: Iná Iwájú Ọkọ̀ Tí Kò Mọ́lẹ̀ Tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Bí mo bá ń ti Adó-Èkìtì bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ lálẹ́, ìgbà tí mo bá dé orí kòtò ni mo tó ń rí i. Ríwáyà mi ní kí n ra gílóòbù LED tó ń tàn búlúù. Ọ̀rẹ́ mi ní oníwáàtì 100 ló dára jù. Èwo ni kí n rà? (Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: A kò ní gbà yín níyànjú láti ra èyíkéyìí nínú wọn. Gílóòbù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín mọ́ fún iná ìsàlẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9006, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 55, tó láti fi rìn lóru bí ohun gbogbo tó yí i ká bá wà ní pípé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ṣòfò ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo ojú iná náà lọ́sàn-án. Ike ni, kì í ṣe dígí, oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún a sì máa sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá dáadáa. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ fi sáńpépà olómi onínọ́ńbà 800, lẹ́yìn náà 1500 àti 2000, họ ọ́, kí ó fi pólíìṣì dán an, kí ó sì fi kílíà tó ń gba oòrùn dúró kùn ún. Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín nù ún lẹ́bàá títì kò purọ́ pé yóò dán, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi tún ń ṣú.

Lẹ́yìn èyí, kí ríwáyà yín tan iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ó fi mítà wọn iná orí bátìrì, kí ó sì wọn èyí tó dé ẹnu gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdajì volt lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀) tó ti dípẹtà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jóná ló sábà máa ń fà á, ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré, nítorí pé bí volt bá dín ní ìdá 5 nínú 100, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù halogen, irú 9006 yín yìí, á dín ní nǹkan bí ìdá 16 nínú 100. Gílóòbù oníwáàtì 100 tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ṣe wáyà yẹn fún. Ó lè yọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ti LED ló gba àlàyé jù. Abọ́ tó ń dán ló wà nínú iná yín, wọ́n sì ṣírò gbogbo bó ṣe tẹ̀ sí ibi kan ṣoṣo tí okùn tín-ín-rín inú gílóòbù halogen ti ń tàn. Bí LED bá tàn láti ibòmíràn, bó ti wù kí ìyàtọ̀ náà kéré tó, abọ́ yóò fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri: ẹsẹ̀ ọkọ̀ á mọ́ gan-an, ẹ ó rò pé ẹ ń ríran, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó jìnnà, níbi tí kòtò wà, lè ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni yóò gba ìyókù sójú, àwọ̀ búlúù yẹn á sì tún ni ín lára ju ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ ra 9006 tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì fi ìka kan dígí rẹ̀, nítorí òróró ara máa ń jẹ́ kó tètè jó. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ògiri, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá àárín iná dọ́gba, kí ẹ sì yí ìdè tó wà lẹ́yìn iná títí orí ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi wà ní nǹkan bí ínǹṣì 2 sí abẹ́ àmì náà. Èyí kò gba owó, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Bí àwọ̀ fàdákà inú abọ́ bá ti ṣí, ẹ pààrọ̀ iná náà lódindi. Tòkunbọ̀ ojúlówó láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, tẹ́ wa lọ́rùn ju tuntun àfarawé lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ra ọkọ̀ kan fún mi láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti yí sítíárì rẹ̀ sí apá òsì. Iná ìsàlẹ̀ ni mo máa ń tàn, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń ṣẹ́ iná sí mi. Kí ló fà á? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Wọ́n yí sítíárì, wọn kò yí iná. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà iná ibẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ ní apá òsì láti fi etí títì hàn. Ní Nàìjíríà, tí a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ń lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní ríran jìnnà mọ́. Àwọn iná kan ní ọwọ́ kékeré nínú tí a fi ń yí i sí ọ̀tún, kí ríwáyà wò ó. Bí kò bá sí, ẹ wá iná méjèèjì tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè tó ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún, irú èyí tó ń ti Jámánì wọlé.