Ẹ má tìtorí "skole sekk" pa Yorùbá tì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, Stavanger ní Nọ́wè ni a wà. Olùkọ́ Tóbi ọmọ mi sọ pé Tóbi máa ń já ọ̀rọ̀ Nọ́wè sí méjì. "Skole sekk" ló ń kọ dípò "skolesekk", àpò ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kà á. Ẹnìkan ní Yorùbá tí à ń sọ nílé ló fà á. Ṣé ká dá a dúró ni? Ìyá Tóbi.

Ìdáhùn: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má dá nǹkan kan dúró.

Nínú èdè tiwa, sílébù kan kì í rẹ́ ìkejì jẹ. Kálukú ló ní ohùn tirẹ̀. Bí àwọn ará Nọ́wè bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ti iwájú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn á rọra tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá tẹ méjèèjì dọ́gba, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gbọ́. Àmọ́ ọmọ wọn náà ń já a sí méjì bí wọ́n bá ń kọ̀wé, àgbà wọn pàápàá ń ṣe é. "Særskriving" lorúkọ rẹ̀. Ṣé Yorùbá ló fa tiwọn náà ni?

Àkọ́bí mi ni mo ń rò. Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, wọ́n ní kó ka ìwé nípa oúnjẹ ọdún sókè ní kíláàsì. Ó kan "lammelår", itan ọ̀dọ́ àgùntàn. Ó ka "lamme", ó dánu dúró, ó wá ka "lår". Ló bá di itan tó yarọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Ọmọ yìí ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ báyìí, Nọ́wè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kó ka nǹkan sókè láti ọjọ́ náà. Àsìkò yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi Nọ́wè dá mi lóhùn. Mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, kó wá bá mi ṣe òru kan. Ayọ̀délé lorúkọ rẹ̀, bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń pè é lòun náà ń pè é: ó tẹ "A" mọ́lẹ̀, ó gbé ìyókù mì.

Àtẹ́wọ́ ni mo fi kọ́ àbúrò rẹ̀: ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. BARne, hage, ìyẹn "barnehage", ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Oríkèé yẹn náà ni wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ bí ìlà bá kún. Kì í ṣe sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo ṣá o. Nínú "foreldremøte", ìpàdé òbí, "el" ni. Ti "bønder" àti "bønner", àgbẹ̀ àti ẹ̀wà, ohùn ló yà wọ́n bí a bá ń pè wọ́n, ìyẹn ò lè ṣòro fún Tóbi tó ń fi ohùn sọ Yorùbá nílé.

Ẹ bẹ olùkọ́ kó máa fún un ní ìwé tó máa kà sókè ní ọjọ́ kan ṣáájú. Èmi ò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè.