Ṣùkú ni wọ́n ní, pátẹ́wọ́ ni mo dì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Tíṣà. Ẹja ni mò ń yan tà ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, wà ní JSS 2 nílé ìwé ìjọba. Ṣùkú ni irun tí ilé ìwé ní kí wọ́n dì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjà ò tà, mi ò rówó onídìrí, ni mo bá fọwọ́ ara mi di pátẹ́wọ́ fún un. Ní asẹ́ńbílì, tíṣà kan pè é síwájú, ó fi sísọ́ọ̀sì gé irun iwájú orí rẹ̀. Ọmọ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ò di ṣùkú, àmọ́ ìyá tiẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ PTA, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ní òun ò lọ mọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà ti gé irun ọmọ rí, ní ọdún karùn-ún tí mo dẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Irun náà ta kókó, mo pe ọmọ ní ọ̀bùn, mo gé e. Dàda ni. Mi ò bi í léèrè. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ di irun náà sétí ìró wá, ó tú u sórí tábìlì mi, kò sọ̀rọ̀ kankan. Mi ò gbé sísọ́ọ̀sì dé asẹ́ńbílì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún 13 kọ́ ló ń wá owó onídìrí. Ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ò fàyè gba kí wọ́n ṣe ọmọ léṣe, ìbáà ṣe lára tàbí lọ́kàn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé òfin ìmúra ilé ìwé kò ṣeé bi léèrè. Ọ̀rọ̀ híjáàbù nílé ìwé ìjọba Èkó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n sì dá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láre ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, 2022.

Ẹ má lọ bú tíṣà. Ẹ kọ lẹ́tà sí púrínsípà, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n kọ òfin ṣùkú sí, àti ìyà tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Ẹ ní kí tíṣà bẹ ọmọ yín ní asẹ́ńbílì, torí ibẹ̀ ló ti dójú tì í, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì títí irun yóò fi hù. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ gbé e lọ sí Education District III, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó, abẹ́ wọn ni Ẹ̀pẹ́ wà.

Ọmọ kejì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ta yín lára, ó sì yẹ kó ta yín. Àmọ́ bí wọ́n bá gé tiẹ̀ náà, irun ọmọ yín ò ní padà sórí.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ tẹ̀ lé e dé géètì. Ẹja á dúró dè yín.