Kí ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pè ní American shot, kí ló sì kan iná nínú rẹ̀?

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ohun tí olùdarí fíìmù ní lọ́kàn nígbà tó bá ní kí oníkámẹ́rà ya American shot, ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ ilẹ̀ kan pè é, àti ìdí tí ẹni tó ń to iná fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

American shot ni àwòrán tó mú òṣèré láti orí dé agbedeméjì itan. Àwọn mìíràn a máa pè é ní cowboy shot. Ara ènìyàn ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi ń wọn àwòrán: long shot mú gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀, medium shot gé e ní ìbàdí, medium close-up gé e ní àyà, close-up sì fi ojú nìkan kún àwòrán. Àárín long shot àti medium shot ni American shot wà. Orúkọ wọ̀nyí kò sọ bí kámẹ́rà ṣe jìnnà tó, wọn kò sì sọ irú awò (lens) tó wà lórí rẹ̀. A lè fi awò 35mm, tó ń mú ibi tó fẹ̀, ya close-up láti ìtòsí, a sì lè fi 135mm, tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, yà á láti òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìtòsí yóò mú kí imú yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, tí ti òkèèrè yóò sì tẹ́ ojú pẹrẹsẹ. Ibi tí etí àwòrán ti gé ara nìkan ni orúkọ ń sọ. Wọ́n sì máa ń yẹra fún gígé e ní oríkèé, irú bí orúnkún tàbí ọrùn-ẹsẹ̀, nítorí a máa dà bí ẹni pé òṣèré náà kò ní ìyókù ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn alárìíwísí fíìmù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sọ ọ́ ní plan américain, nítorí pé wọ́n ń rí i lemọ́lemọ́ nínú àwọn fíìmù Amẹ́ríkà, pàápàá ti àwọn ọdún 1930 àti 1940. Nínú wọn, òṣèré bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin á tò sí ìlà tí kò gún, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun á kọ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí kámẹ́rà, wọn á sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sún kámẹ́rà kúrò níbi tó wà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti ìbọn, pé wọ́n ní láti fi àpò ìbọn tó so rọ̀ sí itan àwọn cowboy hàn. Àlàyé náà bá orúkọ cowboy shot mu, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò tó, nítorí wọ́n ń lo àwòrán yìí nínú eré tí kò sí ìbọn kankan nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kí a rí ìrísí ojú àti ìṣe ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí long shot àti close-up kò lè fún wa.

Ní ti iná, wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwòrán ti fẹ̀. Nínú close-up, a lè gbé key light, ìyẹn iná tó ń ṣiṣẹ́ jù lójú òṣèré, sún mọ́ ọn dé ibi tí ọwọ́ ti lè tó o. Softbox, ìyẹn àpótí aṣọ funfun tí a fi ń bo iná kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, tó wà nítòsí báyìí tóbi lójú òṣèré, ìdí nìyẹn tí òjìji rẹ̀ fi máa ń rọ̀. Tí a bá fẹ àwòrán dé itan, iná náà yóò hàn nínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́yìn. Bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà péré ló ń dé ara, òjìji á sì tún le sí i. A ó wá iná tó lágbára jù, irú bí HMI, ìyẹn iná fíìmù ńlá tó mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀sán, a ó sì na aṣọ funfun tó gbòòrò síwájú rẹ̀ kí òjìji lè rọ̀.

Jíjìnnà yìí ní àǹfààní tirẹ̀ nígbà tí òṣèré bá pọ̀. Bí iná bá wà ní mítà 1 sí ẹni àkọ́kọ́ àti mítà 2 sí ẹnì kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí ni ẹnì kejì yóò rí. Bí a bá gbé e dé mítà 4 àti mítà 5, ìdá 64 nínú 100 ni yóò rí, ojú àwọn méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Flag, ìyẹn aṣọ dúdú tí a fi férémù nà, ni a ó gbé sórí C-stand, ìyẹn òpó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, láti dá ìmọ́lẹ̀ dúró kí ó má baà pọ̀ jù lára aṣọ òṣèré.

Bí iná ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà nígbà tí àwòrán bá fẹ̀ yìí ló fà á tí a fi máa ń kọ́kọ́ ya àwòrán tó fẹ̀, kí a tó wá ya close-up. Ó rọrùn láti gbé iná sún mọ́ òṣèré lẹ́yìn ìyẹn, bí ìhà tí key light ti ń wá kò bá ti yí padà kí àwòrán méjèèjì lè so pọ̀ nígbà àtúntò.