Ta Ló Yẹ Kó Ṣe Ẹlẹ́rìí Ìwé Ìhágún?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa ti kọ ìwé ìhágún, ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú. Àwa ọmọ àti màmá wa ni wọ́n pín nǹkan fún. Màmá àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n tún ti kọ̀wé yàn mí ṣe aṣojú wọn ní báńkì. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti pé báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, kí bàbá má tíì buwọ́ lù ú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí kò lè jogún nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ìwé yẹn lè dúró o, àmọ́ ìpín màmá á wọmi, ti ẹ̀gbọ́n yín náà á bá a lọ nítorí ọkọ rẹ̀.

Ẹ wá àgbàlagbà méjì tí kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Tí wọ́n bá kéré sí bàbá lọ́jọ́ orí, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí kóòtù lè pè wọ́n lọ́jọ́ iwájú. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó sínú yàrá kan náà. Bàbá á buwọ́ lù ú lójú àwọn méjèèjì, àwọn náà á buwọ́ lù ú lójú bàbá, wọ́n á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde kó tó parí. Ibí gan-an ni ìwé púpọ̀ ti ń bàjẹ́: wọ́n á ní ẹlẹ́rìí kejì ò sí nílé, wọ́n á gbé e lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Kò di dandan kí ẹlẹ́rìí ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbuwọ́lù ni wọ́n ń jẹ́rìí sí.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, "2 nínú 5", kí bàbá buwọ́ lu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ti fi stapler kàn án, ẹ má tú u mọ́, ì báà ṣe láti ṣe ẹ̀dà. Ihò kékeré méjì tó ṣófo ní igun ìwé ti tó fún ẹni tó ń bínú láti béèrè pé ewé wo lẹ yọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bàbá yan alámòójútó ogún àti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Kí gbólóhùn kan sì wà fún "gbogbo ohun ìní mi yòókù". Láìsí i, òfin ni yóò pín ohun tí wọ́n bá gbàgbé. Owó adójútòfò àti owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù wọn ló sábà máa ń gbà á.

Ní ti báńkì, agbára aṣojú ń parí lọ́jọ́ tí ẹni tó yàn án bá kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò ní àṣẹ láti yọ kọ́bọ̀, kódà fún ìsìnkú. Èyí tó tún ń dùn wá jù ni pé, bí ìwé tí bàbá fi yàn yín ṣe aṣojú ò bá sọ pé agbára yín á máa bá a lọ tí ọpọlọ bàbá ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ó lè já lọ́wọ́ yín lásìkò tẹ́ ẹ nílò rẹ̀ gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ yọ orúkọ kan kúrò nínú ìwé ìhágún mi. Ṣé kí n fi bírò fa ìlà lé e?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìlà tí ẹ fà lẹ́yìn ìbuwọ́lù kì í sábà dúró, àfi tí ẹ̀yin àti ẹlẹ́rìí méjì bá buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ kọ tuntun, kó sọ pé ẹ fagi lé gbogbo èyí tó ṣáájú. Ẹ má ya ti àtijọ́ kí tuntun tó gba ìbuwọ́lù. Bí ẹ bá sì ti ṣègbéyàwó lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ tètè rí agbẹjọ́rò: láwọn ibì kan, ìgbéyàwó nìkan ti tó láti fagi lé e.